Wáyà Funfun

Ẹ́ńjìnì náà kò wúkọ́, kò sì mí gúlegúle bí ẹni tó fẹ́ kú. Ó kàn dákẹ́ ni. A ti kúrò ní èbúté Èpè, a dorí kọ Ẹjìnrìn, ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọkọ̀ nídìí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan na ọwọ́ láti abẹ́ omi, ó pa á bí a ṣe ń pa iná yàrá. Omi tó ń lá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ pákó nìkan la wá ń gbọ́. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja mẹ́ta tó jókòó síwájú yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi, tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnì mú, kò wojú wọn.

Ó fa okùn. Ó tún fà á. Nígbà tó di ìgbà kẹsàn-án, ó gbà. A dé Ẹjìnrìn láìsí wàhálà mìíràn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀ ti sọ fún mi pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Yamaha 40 ni ẹ́ńjìnì náà, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n kọ Enduro sí lára, sílíńdà méjì, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróò rẹ̀ kí a tó rọ ọ́ sí táńkì. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rà á, ó sì ti ṣiṣẹ́ sin ẹlòmíràn fún ọdún gbọọrọ kó tó débí. Ẹni tó bá mọ etí omi láti Àgbádárìgì títí dé Ìgbókọ̀dá ti rí irú rẹ̀ rí: ìdérí tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà, okùn ìfà tí wọ́n ti so kókó sí lójú méjì mẹ́ta, òórùn ọ́ìlì jíjóná tí kì í kúrò lára aṣọ awakọ̀ títí tó fi délé. Ọdún 1960 ni Yamaha kọ́kọ́ ṣe ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ní Jàpáànù. Ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, òfin èéfín ti lé irú àwọn ẹ́ńjìnì oní-ọ́ìlì pípò bẹ́ẹ̀ kúrò nínú ọjà tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń ṣe é fún àwa, nítorí apẹja kì í béèrè kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹ́ńjìnì. Ohun tó ń béèrè ni pé kí òun lè fi sípánà mẹ́ta tú u palẹ̀ lórí iyanrìn, kí òun sì tún un tò kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kò ní bátìrì rárá. Èyí máa ń ya ẹni tí kò bá mọ̀ lẹ́nu. Níbo wá ni iná tó ń ran epo ti ń wá?

Abẹ́ àgbá irin bìrìkìtì tó wà lórí ẹ́ńjìnì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fúláíwíìlì. Mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀. Bí o bá fa okùn, tó bá ti ń yí, mágínẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí á máa gba iwájú kóòlù kan kọjá, kóòlù náà á sì máa pọn iná bí a ṣe ń pọn omi. Iná tó pọn kì í lọ sẹ́nu púlọ́ọ̀gì tààrà. Inú àpótí dúdú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní CDI ló ń wọ̀, ibẹ̀ la ti ń kó o jọ. Ẹ fojú inú wo ẹni tó ń fi igbá bu omi sínú ìkòkò, tí ẹnì kejì dúró tì í tó ń ṣọ́ àsìkò. Bí ẹnì kejì bá ti pàtẹ́wọ́, a ó da odindi ìkòkò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kóòlù kékeré mìíràn lábẹ́ fúláíwíìlì ni apàtẹ́wọ́ yìí. Òun ló mọ ìgbà tí písítìnì gòkè débi tó yẹ. CDI á tú ohun tó kó jọ sínú kóòlù ńlá, kóòlù ńlá á sọ ọ́ di iná líle, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, iná náà á sì fò kọjá ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, níbi tí àlàfo rẹ̀ kò ju bíi mílímítà kan lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí ń ṣẹlẹ̀ ju ìgbà 80 lọ láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan nínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan.

Ó ku wáyà kan tí n kò tíì dárúkọ. Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Àwa náà kò rántí rẹ̀ lásìkò.

Àwọn ẹ́ńjìnì tó ṣáájú tiwa kò ní àpótí dúdú kankan. Ole Evinrude, ọmọ Nọ́wè tó ń gbé Milwaukee ní Amẹ́ríkà, ló sọ ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ di ọjà gidi ní 1909. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ ra áísìkiriìmù fún obìnrin tó ń fẹ́ lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú, nǹkan náà sì ti yọ́ tán kó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. (Cameron Waterman ti ń ta tirẹ̀ ní Detroit ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n kò ní ìtàn áísìkiriìmù, bóyá ìdí tí orúkọ rẹ̀ kò fi rìn jìnnà nìyẹn.) Láyé ìgbà náà, ẹnu irin kéékèèké méjì tó ń pàdé tó ń yà ló ń pàtẹ́wọ́. Àwọn àgbà mẹkáníìkì wa ṣì ń pè é ní kọ́ńtáàtì. Bí ẹ́ńjìnì kò bá yọ iná, wọn á fi bébà iyanrìn ra ẹnu rẹ̀, wọn á ki bébà funfun bọ̀ ọ́ láti fi nu eruku rẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ hàn sójú, ohun tó bàjẹ́ náà hàn sójú. CDI ló mú ojú kúrò nínú iṣẹ́ yìí.

Bóyá ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí a pè kò fi wo nǹkan púpọ̀. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, ó mi orí. "CDI ni," ó ní. Ó rọrùn kí a dá CDI lẹ́bi. Wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí i pa, kò sẹ́ni tó lè ṣí i wò, kò sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ra òmíràn ní owó tó tó ra àgbò méjì nígbà Iléyá. Ẹni tó tà á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé ọjà oníná, tó bá ti kúrò nílé ìtajà, kò sí ìdápadà. Wọ́n dè é mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì gbà ní fífà kan. Fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìgbì gbá a, ó kú.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló tàn wá jẹ. Kò sẹ́ni tó lè pààrọ̀ CDI láìfọwọ́ kan ìdì wáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á tì í sọ́tùn-ún, á fà á sósì, á tún ẹnu rẹ̀ kì bọ̀ dáadáa. Bó bá jẹ́ ara wáyà ni àìsàn wà, títì àti fífà yẹn lè gbé e kúrò níbi tó ti ń fara kan irin, ara á sì yá fún ìgbà díẹ̀. Mo ti wá rí i lọ́dọ̀ oríṣiríṣi awakọ̀ láti ìgbà náà: ohun tí wọ́n rà kọ́ ló wo ẹ́ńjìnì sàn, ọwọ́ tó kan ìdì wáyà ni. Àwa fi làpálàpá sílẹ̀, ẹ̀tẹ̀ là ń wá kiri.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló dárúkọ bàbá Ìlàjẹ kan tó ń tún ẹ́ńjìnì ṣe létí omi, lókè ọjà ẹja Olúwo. Bàbá náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ó ní Ayétòrò ni òun ti kọ́ṣẹ́, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó sétí òkun ní 1947, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lókè kò tíì mọ̀ ju àtùpà lọ. Òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ayétòrò mì báyìí. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ ìyẹn lọ títí. Ó fi orí ìka kan ìdérí ẹ́ńjìnì, ó sì bi ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè kí ó tó na ọwọ́ sí sípánà.

"Ṣé ó máa ń wúkọ́ kó tó kú, àbí ó kàn ń kú?"

"Ó kàn ń kú ni, Bàbá."

"Ṣé sílíńdà kan ló ń kọ́kọ́ lọ, tí ọkọ̀ á máa gbọ̀n, àbí méjèèjì ń lọ pọ̀?"

"Wọ́n ń lọ pọ̀ ni."

"Ṣé bó bá ti gbóná ló ń ṣe é, àbí bí omi bá ń jà?"

Ẹ̀gbọ́n mi ronú díẹ̀. "Omi, sà."

Ìbéèrè mẹ́ta yìí, mo rò pé wọ́n níye lórí ju CDI tí a rà lọ. Epo tí kò dé máa ń pa ẹ́ńjìnì bí ebi ṣe ń pani: á máa rẹ̀ ẹ́, á máa mí, á sáré díẹ̀, á tún rẹ̀ ẹ́. Iná tó lọ kì í dágbére. Ìbéèrè kejì gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Bí sílíńdà kan ṣoṣo bá kú, ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni a ó fura sí, púlọ́ọ̀gì rẹ̀, fìlà rọ́bà tó dé púlọ́ọ̀gì náà lórí, wáyà dúdú tó ń bọ̀ láti kóòlù. Bí gbogbo wọn bá kú lẹ́ẹ̀kan, ohun tí wọ́n jùmọ̀ ní ló kù ká fura sí. Ìbéèrè kẹta sọ fún un pé ohun kan ń mì.

Síbẹ̀, kò fo púlọ́ọ̀gì. Ó tú méjèèjì, ó gbé wọn sí imú, ó gbóòórùn wọn. Wọ́n tutù fún epo, èyí já sí pé kábúrétọ̀ kò jẹ̀bi. Dúdú wọn pọ̀ jù, ó sì ń yọ̀ fún ọ́ìlì. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ife mélòó lo ń pò?" Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́, bàbá náà sì rẹ́rìn-ín. Lítà ọ́ìlì kan sí 50 lítà epo ni ìwé Yamaha sọ fún irú ẹ́ńjìnì yìí tó bá ti mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ́ńjìnì má bàa "gbẹ", ń pò ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ àwọn awakọ̀ wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì àpọ̀jù kò lè jó tán, á di èédú sẹ́nu púlọ́ọ̀gì, iná á sì bá ara èédú náà sá lọ dípò kó fò. Láti ìgbà tí lítà epo kan ti fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 bọ́ sókè ₦480 ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, mi ò mọ ẹni tó tún ní owó tí yóò fi máa sun ọ́ìlì lásán.

Ó fi búrọ́ọ̀ṣì irin fọ ẹnu wọn, ó yẹ nọ́ńbà ara wọn wò. Nọ́ńbà yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Nínú ìṣirò NGK, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe púlọ́ọ̀gì, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni púlọ́ọ̀gì ṣe ń tutù sí: B8HS tutù ju B7HS lọ. Èyí tó tutù jù fún ẹ́ńjìnì tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ á tètè kún fún èédú, èyí tó gbóná jù fún ẹ́ńjìnì tó ń ru ẹrù wúwo lè jó písítìnì. Ẹni tó kàn lọ sọ lọ́jà pé "ẹ fún mi ní púlọ́ọ̀gì Yamaha" ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún orí.

Lẹ́yìn náà ló mú irinṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù lọ́jọ́ náà jáde. Pákó pẹlẹbẹ kan ni, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìṣó méjì tó kọjú síra wọn wà lórí rẹ̀, wáyà kan sì so mọ́ ọ̀kan nínú wọn tó ní ẹnu ìgbámú. Ó fi ẹnu ìgbámú náà há ara irin ẹ́ńjìnì, ó ki ìṣó kejì sínú fìlà púlọ́ọ̀gì, ó sì ya àwọn ìṣó náà síra tó fi fẹ̀ bí ìka ọmọdé, bíi mílímítà 9. Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi kàn gbé púlọ́ọ̀gì lé irin kí a wò ó bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe. Ó ní ìta kì í ṣe inú. Nínú sílíńdà, písítìnì ti fún afẹ́fẹ́ pọ̀ mọ́ra, iná kì í rọrùn láti fò nínú afẹ́fẹ́ tó ki. Iná tó fo mílímítà kan níta gbangba lè má fo nǹkankan nínú. Bó bá lè fo bí ìka ọmọdé níta, a jẹ́ pé agbára rẹ̀ pé. Ó ki àkísà gbígbẹ bọ ojú ihò púlọ́ọ̀gì méjèèjì kí èéfín epo má bàa pàdé iná, ó ní kí n gbé táńkì epo jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ìṣó. Iná CDI kì í ṣe eré. Ó lè gbé àgbàlagbà ṣánlẹ̀.

"Fà á."

Mo fa okùn. Táì! Iná aláwọ̀ búlúù fò láàrin ìṣó méjèèjì, ó dún bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó yọ iná, Bàbá." Ó dà bí ẹni pé inú rẹ̀ bàjẹ́ sí i. Ohun tó kù díẹ̀ kó sọ ni pé kí ló wá ń pa á.

"Máa fà á lọ."

Mo ń fà á, bàbá náà sì di ìdì wáyà mú, ó ń tì í díẹ̀díẹ̀ bí ìyá tó ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Táì. Táì. Táì. Ó ti ọwọ́ débi tí ìdì wáyà ti gba ìsàlẹ̀ ìdérí jáde. Mo fà á. Kò dún. Mo tún fà á. Kò dún. Apá mi ti ń ro mí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́. Ó tú ìdè kékeré kan níwájú CDI, ó fa wáyà funfun kan yọ nínú rẹ̀, ó fi sílẹ̀ kó máa ṣe dọ́ndọ́n.

"Fà á."

Táì! Ó mi ìdì wáyà náà jìgìjìgì. Táì! Ó tún mì ín. Táì!

Wáyà funfun yẹn ni mo ní kó dúró lẹ́ẹ̀kan. Òun kì í mú iná wá. Òun ló ń pa á. Bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ láti pa ẹ́ńjìnì, àti kílíìpù pupa tí okùn rẹ̀ yẹ kó wà lọ́wọ́ awakọ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọn á so wáyà funfun mọ́ ara irin ẹ́ńjìnì. Bó bá ti fara kan irin, gbogbo ohun tí kóòlù ń pọn á dà nù síbẹ̀, ìkòkò CDI kò ní kún, apàtẹ́wọ́ á máa pàtẹ́wọ́ lásán. Ẹ́ńjìnì kò mọ̀ bóyá ọwọ́ ènìyàn ló so ó mọ́ irin tàbí ìgbì. Nítorí náà, ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò bá yọ iná rárá, kí ó kọ́kọ́ wo kílíìpù pupa náà bó bá wà ní ipò rẹ̀, lẹ́yìn náà kó yọ wáyà funfun, kó tó na ọwọ́ sí àpò. Kò náni ní kọ́bọ̀.

Ibi tó ti ń fara kan irin kò tóbi ju wóró ìrẹsì lọ. Rọ́bà roboto kan wà níbi tí wáyà ti ń gba inú ìdérí ìsàlẹ̀ kọjá. Oòrùn àti epo ti jẹ ẹ́ tán. Ẹnu ihò irin náà ti gé ara wáyà díẹ̀díẹ̀ fún bóyá ọdún kan, bàbà pupa ti yọjú, ibi tó sì ń fara gbún lára irin ń dán bí ojú ẹja. Bí omi bá parọ́rọ́, wáyà á dúró jẹ́ẹ́. Bí ìgbì bá gbá ọkọ̀, á fẹnu ko irin.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, ṣé a ò kúkú lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ó ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bí mo bá fẹ́ pa á, màá fa ṣóòkù."

Òótọ́ ni pé ṣóòkù lè pa á. Epo á bò ó mọ́lẹ̀, á kú. Ó sì dára kí awakọ̀ mọ ọ̀nà yẹn, nítorí ẹ́ńjìnì tí a yọ wáyà rẹ̀ kò ní gbọ́ràn sí bọ́tìnì mọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn bàbá náà kúrú: "Bí o bá ṣubú sómi, ta ni yóò fa ṣóòkù?" Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ kì í lọ tààrà. Á máa yí po, á padà síbi tí ẹni tó ṣubú wà, abẹ ìdí rẹ̀ sì ń yí. Mo ti rí awakọ̀ lójú omi yìí tó fi okùn rọ́bà so kílíìpù pupa mọ́ ibẹ̀ títí láé kó má bàa dí òun lọ́wọ́. Mi ò ní ọ̀rọ̀ rere kankan láti sọ nípa ìyẹn.

A ti ki irin ìjódè tí yóò fi jó wáyà náà pọ̀ bọ inú èédú kó gbóná, ó sì ń pẹ́. Bàbá náà jókòó sórí etí ọkọ̀ kan, ó ń gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ láti fi dí ẹnu ihò náà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ ní pàtó.

Ó ní èyí tó máa ń le jù ni ẹ́ńjìnì tó ń kú bó bá gbóná. Àárọ̀, ó gbà ní fífà kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, ó kú. O jókòó, o jẹ àkàrà, o tún fà á, ó gbà. Kóòlù abẹ́ fúláíwíìlì ni kí o fura sí. Wáyà tó wé mọ́ ọn tín-ín-rín bí irun, bó bá já níbì kan, ojú méjèèjì á ṣì máa fara kanra nígbà tó bá tutù. Bí ooru bá mú un fẹ̀, á yà. Ẹni tó bá fi mítà wọ̀n ọ́n nígbà tó tutù, mítà á ní ara rẹ̀ le. Ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó ṣì ń jó ọwọ́, ni kí a wọ̀n ọ́n. Bí mítà bá ní òun kò rí ọ̀nà rárá, ẹjọ́ ti parí. Iye tó yẹ kí mítà sọ yàtọ̀ láti ẹ́ńjìnì sí ẹ́ńjìnì, inú ìwé rẹ̀ ló wà. Kò dára kí a máa há a sórí. Mítà kékeré ọjà kò sì lè wọn bí iná CDI ṣe ń ta pàú nígbà tí à ń fa okùn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn dájọ́.

Ó tún sọ nípa Yamaha 75 ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, tó ní sílíńdà mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní kóòlù tirẹ̀. Sílíńdà kan kú. Bàbá náà kò ra nǹkankan. Ó gbé kóòlù sílíńdà òkè sí àárín, ó gbé ti àárín sókè. Bí ikú bá bá kóòlù rìn, kóòlù ni. Bó bá dúró síbi tó wà, ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn kóòlù. Ikú bá a rìn. Ó ná ọ̀rẹ́ náà ní owó kóòlù kan.

Ó ní kí a má fojú kéré òru. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣàárẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ìrì pọ̀ tàbí lẹ́yìn òjò, gbé e lọ síbi tó ṣókùnkùn biribiri, ṣí ìdérí rẹ̀, fa okùn rẹ̀ kó gbà, kí o sì wo àwọn wáyà dúdú tó ń lọ sí púlọ́ọ̀gì. Mo gbìyànjú èyí lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹ́ńjìnì mìíràn lórí ìdúró tí a ti ìdí rẹ̀ bọ dúrọ́ọ̀mù omi. Iná kéékèèké, búlúù, ń tàn ń kú lára wáyà náà bí tanátaná. Ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti sán nìyẹn, iná sì ń gba ibẹ̀ yọ́ lọ sára irin. Bó bá jẹ́ ìdí fìlà púlọ́ọ̀gì nìkan ló bàjẹ́, a lè yí fìlà náà kúrò, kí a gé bíi sẹ̀ǹtímítà kan nínú wáyà tí iyọ̀ ti jẹ, kí a sì yí i padà mọ́ ibi tó ṣì mọ́.

Iyọ̀ ni ọ̀tá tí kì í sinmi. Ní ìgbà ẹ̀rùn, omi òkun ń gba ẹnu ọ̀nà Èkó wọ inú ọ̀sà. Bí òjò bá dé, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun á fọ̀ ọ́ jáde. Ẹ́ńjìnì tó ń ti Èpè lọ dé Èkó ń mu omi méjèèjì lọ́dún kan. Ẹnu wáyà dúdú tó so CDI mọ́ ara irin máa ń kọ́kọ́ hu àwọ̀ ewé, á sì dà bí ẹni pé ó ṣì dè. Tú u, fi búrọ́ọ̀ṣì ra á, fi gírísì bò ó, dè é padà. Ìgbà òjò ní tirẹ̀ ni ewéko ojú omi tí a ń pè ní gbéborùn máa ń kóra jọ dí ẹnu ọ̀nà omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára, ooru á wá máa fi kóòlù ṣe bó ṣe wù ú. Ewéko yìí kò sí níhìn-ín tẹ́lẹ̀. Nǹkan bíi 1984 ló gba etí omi Benin wọlé sí Àgbádárìgì, ẹni tó sì fún un lórúkọ gbéborùn mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí kò sí èbúté tí kì í dé láìpè.

Irin ìjódè ti pupa. Ó jó wáyà funfun pọ̀, ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀ ọ́, ó fi èyí tó gé láti inú táyà kẹ̀kẹ́ dí ihò irin náà, ó sì fi ọwọ́ fà á lẹ́ẹ̀mẹta láti mọ̀ bóyá yóò yẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ní kí n fa okùn: iná kò yọ láàrin ìṣó. Ó fi bọ́tìnì sílẹ̀: táì. Ó fa kílíìpù pupa yọ: iná kò yọ. Ó dá a padà: táì.

Lẹ́yìn náà ló bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "CDI àkọ́kọ́ dà?"

Ó wà nínú agolo mílíìkì kan lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀, láàrin ìwọ̀ àti ìṣó. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ìdí tó fi tọ́jú rẹ̀. Bàbá náà tú tuntun kúrò, ó fi ti àtijọ́ dípò rẹ̀, ó dá púlọ́ọ̀gì padà, ó de ìdérí. A ti ọkọ̀ sómi. Ó gbà ní fífà kejì. A yí i po níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ti ń ru ìgbì sókè, ẹ̀gbọ́n mi sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ orí ọkọ̀ sí ìgbì náà títí omi fi ta sí wa lójú. Kò dákẹ́.

Nígbà tí a padà sí èbúté, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja dúró pẹ̀lú agbọ̀n rẹ̀ lórí. Ó wo àpótí dúdú tuntun tó wà lórí pákó, tí oòrùn ń ta sí lára.

"Awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o. Èló lẹ ra èyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ bò ó.